Ìfẹ́ Ọlọ́run Lẹ́yìn Géètì: Ìgbàgbọ́ Ojoojúmọ́ ní Lekki àti Ajah

Nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi, Ọlọ́run ló kọ́kọ́ fẹ́ràn ènìyàn kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Ìfẹ́ yìí kì í ṣe owó iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ààwẹ̀ tàbí ìdámẹ́wàá rà á. Ìwé Róòmù kọ́ni pé nígbà tí aráyé ṣì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wọn. Àkàwé ọmọ onínàákúnàá nínú Ìwé Lúùkù fi bàbá kan hàn tó sáré lọ dì mọ́ ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó lanu bẹ̀bẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo ìwà Kristẹni dúró lé: ẹni tó rí ìfẹ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó yẹ kó fi ìfẹ́ bá ẹlòmíràn lò.

Ìwé Mímọ́ kò fi ìdáhùn sí ìfẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ lójú òfuurufú. Ìwé Jòhánù Kìíní sọ pé ẹni tí kò fẹ́ràn arákùnrin rẹ̀ tó ń fojú rí kò lè sọ pé òun fẹ́ràn Ọlọ́run tí òun kò rí. Jákọ́bù sì ka ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́ sí òkú. Nínú àkàwé ará Samáríà, àlùfáà àti ọmọ Léfì gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá. Ará Samáríà ló dúró tó sì di ọgbẹ́ ẹni tí olè lù, tó gbé e dé ilé èrò, tó sanwó, tó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá san ìyókù. Kò sí òfin kankan tó sọ ọ́ di dandan fún un. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ìfẹ́ ti yàtọ̀ sí iṣẹ́ òfin: ibi tí òfin ìlú bá dúró sí, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ń tẹ̀síwájú.

Ilẹ̀ náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀

Lekki àti Ajah wà lórí ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun Àtìláńtíìkì. Abúlé apẹja ló pọ̀ níbẹ̀ kí Èkó tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ gómìnà Raji Rasaki wó àdúgbò Maroko palẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà Lekki. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n máa ń fojú bù pé ó di aláìnílé. Ìjọba kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ìlàsán àti Ìkota, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò rí ibì kankan gbà. Lẹ́yìn náà ni ilé àwọn ọlọ́rọ̀ gba ilẹ̀ náà kan. Títí di òní, ilé olówó iyebíye àti yàrá kan tí ìdílé ń gbé papọ̀ ń bá ara wọn ṣe aládùúgbò, odi àti géètì ló sì là wọ́n láàárín.

Ìgbàgbọ́ Kristẹni fìdí múlẹ̀ gidigidi níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, ìjọ Redeemed ṣe ìpàdé ńlá tí a mọ̀ sí Lekki '98. Ní ọdún 2013, ìjọ House on the Rock ṣí Rock Cathedral. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹni tó wọ jíìpù láti inú ẹ́síteètì, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì kórópe láti Badore, àti ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Lángbàsà jọ ń lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan náà. Bí ọjọ́ Ajé bá wá mọ́, ọ̀kan nínú wọn á di ọ̀gá, èkejì á di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé yẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ń bọ́ sójú ìdánwò.

Owó òṣìṣẹ́

Iṣẹ́ máìgádì bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìdájí, ó ti fa omi sí táǹkì, ó ti nu ọkọ̀, ó sì ti ṣí géètì fún ọ̀gá tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ni yóò tún dúró de ọkọ̀ ọ̀gá kó tó lè ti géètì. Bẹ́ẹ̀ ni ti awakọ̀, ti alásè, àti ti ẹni tó ń tọ́jú ọmọ.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ìjọba Èkó ṣèlérí 85,000 náírà fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù yìí yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé tó ní awakọ̀ kan, máìgádì kan àti alásè kan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé bẹ́ẹ̀ bá san owó tí kò lè bọ́ ènìyàn, òfin kò ní mú un.

Ìwé Mímọ́ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ìwé Diutarónómì pàṣẹ pé kí wọ́n san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé tálákà ni, orí owó náà sì ni ọkàn rẹ̀ wà. Jákọ́bù kìlọ̀ pé owó òṣìṣẹ́ tí ọlọ́rọ̀ dì mú ń ké, igbe rẹ̀ sì ń dé etí Ọlọ́run. Ìlànà kan tẹ̀ lé èyí: owó òṣìṣẹ́ ló ṣíwájú ẹ̀jẹ́. Ẹni tó san ẹ̀jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí awakọ̀ rẹ̀ sì ń retí owó oṣù méjì, owó olówó ló fi ṣọrẹ. Ìfẹ́ tún béèrè ọjọ́ ìsinmi fún òṣìṣẹ́, owó ìtọ́jú nígbà àìsàn, àti àyè fún máìgádì tó jẹ́ Mùsùlùmí láti lọ kí Jímọ̀ rẹ̀.

Ti ọmọdé ló wúwo jù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 lòdì sí fífi ọmọ kékeré ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Síbẹ̀, a máa ń rí ọmọbìnrin tó gbé báàgì ọmọ ọ̀gá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, tó sì yí padà sílé lọ fọ abọ́. Ìdílé tó bá ń gbàdúrà pọ̀ láràárọ̀ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà láàárín wọn ní láti rán òun náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tàbí kí wọ́n dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀ tòun ti ìrànwọ́.

Lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé

Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó jáde ní ọdún 2011, kò gba lánlọ́ọ̀dù láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Lekki àti Ajah. Síbẹ̀, owó ọdún méjì kì í ṣe ohun àjèjì fún ẹni tó ń wá ilé níbẹ̀, láìka owó àjẹ́ńtì àti ti lọ́yà mọ́ ọn. Kristẹni tó ń kọ́lé fi yá ènìyàn ní láti mọ̀ pé owó tí òun ń gbà lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìdílé kan ní. Ìfẹ́ kan ayálégbé náà: kó san owó lásìkò, kó tọ́jú ilé bíi tirẹ̀, kó má sì fi ẹjọ́ kóòtù tó ń falẹ̀ jẹ opó tó ni ilé níyà.

Omi, ariwo àti ojú ọ̀nà

Ilẹ̀ Lekki rẹlẹ̀, àbàtà tí wọ́n fi iyanrìn dí sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òjò bá pọ̀ ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, omi máa ń bo títì, ó sì máa ń wọ inú ilé. Ohun tí ẹnì kan ṣe nínú àgbàlá rẹ̀ máa ń hàn ní àgbàlá ẹlòmíràn. Ẹni tó bá da iyanrìn gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga láìla gọ́tà kò lé omi lọ; ilé aládùúgbò rẹ̀ ló darí rẹ̀ sí. Ẹni tó bá kọ́lé sórí ojú omi tàbí tó da ọ̀rá sínú gọ́tà ti ba bẹ́ẹ̀dì ẹni tí kò mọ̀ rí jẹ́. Àṣẹ pé kí ènìyàn fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀ bí ara rẹ̀ kan gọ́tà gan-an, kò sì yẹ kí ìjọ tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ìwàásù òpópónà rí i bí ohun àbùkù láti kó wọn jọ fún gọ́tà gbígbá.

Ariwo jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àjọ LASEPA, tó ń bójú tó àyíká ní Èkó, ti ti ilé ìjọsìn pa rí nítorí ariwo. Àìsùn dára, orin ìyìn sì dára. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ dé láàárín òru, ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀, àti arúgbó tó ń ṣàìsàn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò gbé jáde.

Lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ìwà Kristẹni hàn nínú kí awakọ̀ má gba ọ̀nà òdì, kó jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, kó má sì bú oníkẹ̀kẹ́. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni.

Ìfẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọ

Kì í ṣe òní ni ìgbàgbọ́ ti ń sọ ara rẹ̀ di ìtọ́jú nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1895, àwọn Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta, ó sì wà títí di òní. Ní Lekki, Dókítà Tony Rapu, olùṣọ́àgùntàn ìjọ This Present House, dá Freedom Foundation sílẹ̀, èyí tó ń ran àwọn tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú lọ́wọ́ láti padà sí ipò ọmọlúàbí. Nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, ṣọ́ọ̀ṣì Èkó wà ní títì láti oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Ìsìn kò ti ní tirẹ̀. Ìjọ tó mọ orúkọ àwọn opó àti àwọn alágbàṣe inú rẹ̀ mọ ilé tí ó yẹ kí wọ́n gbé ìrẹsì àti gàrí lọ.

Ó yẹ kí ìjọ ṣọ́ra fún ohun méjì. Èkíní ni fífi ẹ̀bùn polówó. Jésù kọ́ni nínú Ìwé Mátíù pé kí wọ́n ṣe àánú ní ìkọ̀kọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí wọ́n ya fọ́tò ẹni tó na ọwọ́ gba oúnjẹ. Èkejì ni èrò pé iṣẹ́ rere lè ra ojú rere Ọlọ́run. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láti rí ìfẹ́ rà àárẹ̀ yóò mú un, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àwọn tí òun ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ràn òun tẹ́lẹ̀ ló lè fúnni, kó dárí jì, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí àdúrà, Bíbélì kíkà àti oúnjẹ Olúwa kò fi ṣe é yọ sílẹ̀: wọ́n ni orísun tí iṣẹ́ ìfẹ́ ti ń sun.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ìdílé Kristẹni ní Lekki àti Ajah san owó òṣìṣẹ́ wọn kí oṣù tó parí, kí wọ́n rán ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n la gọ́tà iwájú ilé wọn kí òjò tó dé, kí wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tó ń ṣí géètì fún wọn. Ẹni tó bá ṣe èyí nítorí Kristi ti wàásù ìfẹ́ Ọlọ́run fún gbogbo àdúgbò rẹ̀.