Ẹ Jẹ́ Ká Ṣí Táyà Tírélà Wa Wò Kí Ìwúde Tó Dé

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

Wọ́n ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ mú ọ̀rọ̀ kan wá lórí ìmúrasílẹ̀ ìparí ọdún. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ tàbí ti olórin ni mo fẹ́ sọ. Rárá o. Ọ̀rọ̀ gíríìsì ni mo gbé wá.

Ẹ mọ tírélà kékeré wa, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Kì í ṣe tírélà ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì ni mò ń wí. Èyí tó ń kó kánópì, àga àti jẹnẹrétọ̀ láti Òṣogbo wá sí Iléṣà ni. Ó ń wá sí Ìwúde, ó ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó ń lọ síbi ìsìnkú. Bí ìnáwó bá parí, a ó wọ́ ọ lọ sábẹ́ igi, ó di ìgbà míì. Òjò á pa á, oòrùn á pa á. Lọ́jọ́ tí a bá tún fẹ́ lò ó, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, a ó wo iná ẹ̀yìn, ó parí. Ta ló ń wo inú họ́ọ̀bù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bíárìn méjì ló wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan: èyí tó tóbi wà nínú, èyí tó kéré wà níta. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Irin róbótó kéékèèké tó gbòòrò lódì kan tó sì tín-ín-rín lódì kejì ló tò yíká inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Henry Timken, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ní Amẹ́ríkà, àti Reginald Heinzelman ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ irú bíárìn yìí ní ọdún 1898. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó ń gba ẹrù láti òkè, ó sì ń gba títì láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yà ní kọ́nà. Ẹni tó bá ti gun òkè láti Ẹ̀rìn lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tí mò ń sọ nípa kọ́nà.

Gíríìsì ló ń jẹ́ kí irin má fi ara kan irin. Bí gíríìsì bá tán, tàbí tí omi bá wọ inú rẹ̀, irin á máa ha irin, á gbóná, á pọ́n, á sì lẹ̀ mọ́ra. Nígbà náà, ó lè gé, táyà á sì yọ lórí eré. Èyí tó burú jù ni pé awakọ̀ kò ní tètè mọ̀. Bíárìn ọkọ̀ tí èèyàn jókòó sí máa ń hó, ẹ ó gbọ́ ọ. Ti tírélà wà lẹ́yìn, orin wà nínú ọkọ̀, fèrèsé wà ní títì. Táyà tó bá yọ kì í mọ ọmọ ta ni. Ó lè wọ àárín àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì ní ìkóríta Ìwàràjà, ó lè bá ọmọ iléèwé létí títì. Nítorí náà ni mo ṣe dìde.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí a kì í lò ó púpọ̀?” Ẹ jọ̀ọ́, àìlò gan-an ló ń pa á. Tírélà tó dúró lójú kan ní gbogbo ìgbà òjò, bí ọ́ìlì-síìlì rẹ̀ bá ti gbó, omi á wọlé, ipata á bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí irin jókòó sí. Bákan náà, bí họ́ọ̀bù tó gbóná bá bọ́ sínú omi tútù lójijì, ó máa ń fa omi náà mu. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìlànà tí wọ́n sábà máa ń fún onítírélà ni pé kí ó tún gíríìsì ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí lẹ́yìn nǹkan bíi 20,000 kìlómítà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Tiwa kò ní rin ìrìn yẹn láàárín ọdún kan. Ọdún ló kàn wá.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ilẹ̀ títẹ́jú ni, kí a fi òkúta dí táyà kejì. Kí a dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí jáàkì tó gbé e. Lẹ́yìn jáàkì, kí a fi irin ìdúró gbé e ró. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí tẹ́. Bí táyà bá kúrò, a ó yọ fìlà irin tó bo ojú họ́ọ̀bù, a ó fa pín tó de nọ́ọ̀tì jáde, a ó tú nọ́ọ̀tì àti wáṣà. Bíárìn ìta á bọ́ sọ́wọ́ yín. Ẹ fa họ́ọ̀bù, ẹ ó rí ọ́ìlì-síìlì àti bíárìn inú lẹ́yìn rẹ̀.

Kẹrosíìnì ni ká fi fọ gíríìsì àtijọ́ dànù, kì í ṣe bẹntiróòlù tó ń tètè gbaná. Ká fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi atẹ́gùn fọganáísà fẹ́ ẹ kó máa pòyì. Irin inú rẹ̀ lè ta jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó níta gbangba. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́, ipata, tàbí àwọ̀ bí aró tó fi hàn pé ó ti jóná, ó ti lọ nìyẹn. Bíárìn àti àwo irin tó jókòó sí la jọ ń pààrọ̀. Bó bá mọ́, ẹ bu gíríìsì bíárìn táyà sí àtẹ́lẹwọ́, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 2 sí lára. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ tó gbòòrò gún un bí ẹni tó ń fi òkèlè kó ọbẹ̀, títí gíríìsì á fi yọ lódì kejì. Ẹ má po oríṣi méjì pọ̀. Ọ́ìlì-síìlì tuntun ni kẹ́ ẹ lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bà á jẹ́ ni nọ́ọ̀tì. Wọ́n rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dára tó. Ẹ máa yí họ́ọ̀bù bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì, kí gbogbo rẹ̀ lè jókòó. Ẹ wá dẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹ fi ìka lásán fún un. Bó bá le jù, á jóná. Bó bá dẹ̀ jù, á máa mì. Ẹ fi pín tuntun sí i.

Ọ̀nà tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí a bá kúrò ní Òṣogbo, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí awakọ̀ dúró, kó rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ gan-an, ìrìn-àjò parí nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ ṣí bíárìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yín nítorí ọ̀rọ̀ mi o. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́ àdìpa, a kì í fi gíríìsì kún un. Bó bá ń hó, pípààrọ̀ ló kàn.

Ohun mẹ́rin ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń tọrọ. Èkíní, ẹ fún wa ní Sátidé kan kí Ìwúde tó dé, ká ṣí bíárìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣojú mẹkáníìkì. Èkejì, ẹ jẹ́ ká ní ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́ tí a ṣí i, ẹni tó ṣí i, àti ohun tí a pààrọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó bá yá tírélà dá owó díẹ̀ sí àpò ìtọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, London àti Houston, ẹ máa ń dáwó ra nǹkan fún ilé, ẹ ṣeun. Ẹ bá wa dá ti ìtọ́jú náà. Nǹkan àjọni tí kò ní alábòójútó, ebi ni yóò pa á.

Ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù. Bí a bá rí i pé bíárìn kò dára, ẹ fún wa láṣẹ láti sọ pé tírélà kò ní jáde, ì báà jẹ́ ìsìnkú bàbá ẹni ńlá. Ọmọdé kì í sọ pé rárá fún àgbà láìjẹ́ pé àgbà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwa la ó máa tọwọ́ bọ inú họ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi ẹnu àgbà ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn.

Àwọn baba wa Òṣómàáló lóṣòó ti onígbèsè títí owó fi wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà lóṣòó ti táyà yìí ní Sátidé kan ṣoṣo. A ó ṣe Ìwúde láyọ̀, gbogbo wa ó sì délé láyọ̀.