Sinimá Olówó Pọ́ọ́kú ti Àwọn Aláwọ̀ Dúdú Amẹ́ríkà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́)



Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni aláṣọ àlà ń wá ní ìsọ̀ elépo, n kò ní jiyàn. Àwọn sinimá olówó pọ́ọ́kú tí a fi àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1971 jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá wí ní gbangba, tí wọ́n sì ń wò ní kọ̀rọ̀. Èmi pàápàá ti wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ìbọn ń dún, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, a sì ń tú obìnrin sí ìhòhò láìnídìí. Nínú Super Fly ti 1972, ẹni tí ń ta kokéènì ni akọni. Priest sì ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni àlùfáà! Iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà kò dán. Nínú Dolemite ti 1975, tí Rudy Ray Moore fi owó ara rẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ olùwòran rí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn tí ó yọjú lókè orí àwọn òṣèré. Ẹni tí a fẹ́ ta ní ìpá a sì ti ṣubú kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Ní 1972, NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ké gbàjarè pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ba orúkọ ìran àwọn jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí ni ó mú kí èrò wọ́ lọ wò wọ́n? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìránṣẹ́ tàbí aláwàdà ni sinimá Amẹ́ríkà sábà máa ń fi ènìyàn dúdú ṣe. Ní 1971, Melvin Van Peebles gbé Sweet Sweetback's Baadasssss Song jáde. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni akọni. Àwọn ọlọ́pàá ń lu ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan. Akọni náà gbèjà rẹ̀, wọ́n lé e, ó sì yè bọ́. Ilé sinimá 2 péré ni ó kọ́kọ́ gbà á, ọ̀kan ní Detroit, èkejì ní Atlanta. Síbẹ̀ ó pa ju $10,000,000 lọ. Àwọn olùwòran mọ̀ pé iṣẹ́ náà rí jákujàku. Ohun tí wọ́n sanwó láti rí ni ènìyàn dúdú tí kò tẹrí ba, tí kò sì kú ní ìparí ìtàn.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Blacula ti 1972. Ìtàn ẹlẹ́rù ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ibẹ̀ lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n William Marshall, òṣèré olóhùn ńlá tí ó ti ṣe Othello ti Shakespeare rí, kò gbà kí akọni náà jẹ́ ẹni yẹpẹrẹ. Ó tẹnu mọ́ ọn títí wọ́n fi sọ ọ́ di ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó tọ Dracula amùjẹ̀ lọ ní 1780, kí ó lè ràn án lọ́wọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú. Báyìí ni ẹnì kan ṣoṣo ṣe gbé iyì ìran rẹ̀ ró nínú eré tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ebi iyì ni ó ń pa àwọn ènìyàn náà, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í wo eruku ara iṣu. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Hollywood rí ebi náà, wọ́n pàtẹ. Nígbà tí ọjà tutù kí ọdún 1980 tó dé, wọ́n palẹ̀ igbá mọ́. Nítorí náà, ìbáwí nìkan kò tó fún àwa olùkọ́ àti àgbà ìlú. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bí a kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ oúnjẹ eléèérí, ẹ jẹ́ kí a dá owó jọ, kí a se èyí tí ó mọ́ fún wọn.