Adùn Ayé Inú Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ohun Tí Ó Ń Náni



Àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ará ilẹ̀ gbígbẹ ni wá. Ní Ọjà Igbó, inú agbọ̀n ẹlẹ́ja ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bá odò ńlá pàdé. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, tí ó ń jẹ níbẹ̀, tí ó ń sùn níbẹ̀, a ó ní onítọ̀hún ń jẹ ayé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ọmọ ilẹ̀ wa kan wò ó, èyíinì ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Òṣoògùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837, ó ní kò sí ohun tí ó ba òun lẹ́rù tó odò tí òun rí lọ́nà. Ní oṣù Igbe 1822 a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí tí ń kó ẹrú, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ẹ rí i pé ọkọ̀ tí ń mú owó wọlé fún olówó rẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí a kó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní 1841, Àjàyí tún padà sójú omi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ni ó lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gòkè Odò Ọya. Adùn irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ẹrù tí ọgọ́rùn-ún alárùú yóò fi orí rù, ọkọ̀ kan a gbé e mì. Ènìyàn a sùn ní ìlú kan, a jí ní òmíràn, ilé rẹ̀ a sì máa bá a lọ. Atẹ́gùn a máa fẹ́ sí i lára, àwọn ará etí odò a sì máa gbé iṣu àti ewúrẹ́ wá tà fún un.

Ṣùgbọ́n iná ni ó ń gbé ọkọ̀ náà rìn, igi ni iná sì ń jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ará Kúrú láti ilẹ̀ Làìbéríà ni ó ń wọ igbó lọ gé igi nínú oòrùn, nígbà tí ọ̀gá jókòó sábẹ́ ìbòòji. Bí òjò bá dá tí odò sì fà, iyanrìn a gbé ọkọ̀ dúró. Ibà ni ó wá burú jù. Nínú nǹkan bí 150 òyìnbó tí ó lọ ní 1841, àwọn tí ó kú lé ní 40. Èrò wọn ni pé afẹ́fẹ́ ẹrẹ̀ ni ó ń pa wọ́n. Ẹ̀fọn kò sí lọ́kàn wọn. Ní 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn.

Ní 1854, Crowther tún bá Dókítà Baikie lọ nínú ọkọ̀ Pleiad. Baikie mú kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuníìnì kí ibà tó dé. Wọ́n lo ohun tí ó ju 100 ọjọ́ lọ lórí odò, ẹnikẹ́ni kò sì kú nínú wọn.

Ìgbà tí a bá rò pé a ti mọ omi tán ni omi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1857, ọkọ̀ Dayspring, tí Crowther àti Baikie wà nínú rẹ̀, kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ọkọ̀ fọ́. Àwọn tí ilé wọn ń rìn tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ń gbé inú àgọ́ létí odò, wọ́n sì dúró tó ọdún kan kí ọkọ̀ Sunbeam tó dé. Glover, ọ̀kan nínú wọn, fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó láti wá ohun tí wọn yóò lò. Ọ̀nà àwa ará ilẹ̀ gbígbẹ yìí ni ó ran ará inú ọkọ̀ lọ́wọ́.

Síbẹ̀ Crowther kò fi odò sílẹ̀. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì ń gun Odò Ọya lọ, ó ń bọ̀, títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó mọ iye tí ayé ọkọ̀ ń náni, ó sì ń san án.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, odò yẹn kò tíì yí ìwà padà. Ní oṣù Òkúdù 2023, ní agbègbè Pàtígì, ní ìsàlẹ̀ odò láti Jẹ́bà, ọkọ̀ àwọn tí ó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lóru. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Ìròyìn sọ pé èrò ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ayọ̀ ni wọ́n lọ ṣe.

A máa ń wí pé omi kò ní ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi kò mọ ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ẹ ka èrò inú rẹ̀. Ẹ bèèrè aṣọ tí ń mú ènìyàn léfòó, kí ẹ sì wọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ sùn síbi tí ẹ wà. Ẹni tí ó bá san owó wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ ni yóò jẹ adùn orí omi délé.