Iṣẹ́ Ọnà Orí Ìtàgé àti Gbọ̀ngàn Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Akọ̀wé wa ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí ó gba ọkàn mi láti ọdún 5 sẹ́yìn. Mo ti pé ẹni ọdún 47 kí n tó mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà: iṣẹ́ ẹni tí ń fi pákó, aṣọ àti ọ̀dà sọ pèpéle lásán di ààfin, tàbí igbó, tàbí ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ń múra àti ṣe eré Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe ààfin Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kí olùkọ́ ìṣirò ṣe é, nítorí pé òun ni ó ní rúlà. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Ògiri ààfin tí ẹ ń wò nínú eré kì í ṣe ògiri. Férémù igi ni, tí a fa aṣọ bò, tí a sì fi ẹ̀kọ làfún pa lára, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ń lò, kí aṣọ náà lè le, kí ó má sì mu ọ̀dà jù. Ọmọ méjì lè gbé e. Òpó iwájú ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ti ẹ̀yìn kò ju 6 lọ. Ojú òǹwòran yóò sì gbà pé ààfin náà jìn lọ réré. Ṣùgbọ́n Ṣàngó kò gbọdọ̀ fara ti òpó ẹ̀yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àṣírí tú! Iná pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀: aṣọ pupa lábẹ́ iná aláwọ̀ ewé a dúdú bí èédú. Káfíńtà tí ó bá mi ṣiṣẹ́ ti lé ní ẹni 60 ọdún. Àga àti ibùsùn ni ó ti ń kàn láti ìgbà èwe rẹ̀. Nísinsìnyí òun ni ó ń bi mí pé eré wo ni ó kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní eré ọmọdé. Olùkọ́ bí èmi ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Nígbà tí ó gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, láti inú ìwé Amos Tutùọlá, Demas Nwoko ni ó ṣe ọnà ojú ìtàgé náà. Nwoko yìí kan náà ni ó di ayàwòrán-ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023. Ní 1964 ni Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin.

Ohun tí ó gbé mi dìde lónìí nìyí. Mo ti rí àwòrán gbọ̀ngàn tí ẹ̀yin ará ilé, ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà ń dáwó fún. Ó dára, àga ìjòyè pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pèpéle rẹ̀ kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, kò sì sí ilẹ̀kùn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe Ọya yóò ní láti la àárín àwọn òǹwòran kọjá kí ó tó débẹ̀. Tábìlì Alága ni wọ́n ya ibẹ̀ fún, wọn kò ro ti àwọn ọmọ wa mọ́ ọn. Bí a bá sì da kọnkéré tán, ó di ti àwọn ọmọ-ọmọ wa kí a tó tún un ṣe.

Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni mo ń tọrọ, ilẹ̀kùn kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àti yàrá kékeré lẹ́yìn fún ìkẹ́rù. Èmi àti káfíńtà náà yóò ṣe férémù àkọ́kọ́ láìgba owó iṣẹ́. Mo ti fi àwòrán tèmi lé Akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn bíríkìlà tó dé ní oṣù tí ń bọ̀.