Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Ẹgbẹ̀rún Ilẹ̀kùn



Bí gbẹ́nàgbẹ́nà kan bá ṣe ẹgbẹ̀rún ilẹ̀kùn, tí ó fi àgádágodo kan náà sí gbogbo wọn, tí kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan sì lè ṣí wọn tán, ta ni yóò ra irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bí ó bá mọ̀? Síbẹ̀, irú ọjà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ti fi owó wọn rà, tí wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri láti máa fi ṣọ́ olè.

Ọjà náà ni kámẹ́rà tí ń ṣọ́ ilé, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tí ó sì ń pín in fún fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní ráútà. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú, bí wọn kò tilẹ̀ ní ojú tí a ń wò tàbí ibi tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí. A lè rán wọn níṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, wọn a sì jẹ́ iṣẹ́ náà láì béèrè ẹni tí ó rán wọn, bí onítọ̀hún bá ṣáà ti mọ páswọ́ọ̀dù, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí wọn. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ náà sí wọn, ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ: “admin” ni ti òmíràn, 12345 ni ti òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rà wọ́n kì í yí i padà. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Paras Jha, Josiah White àti Dalton Norman, rí àyè yìí, wọ́n sì lò ó. Wọ́n kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ ọ́ ní Mirai, èyí tí ó túmọ̀ sí “ọjọ́ iwájú” ní èdè Jàpáànù. Nǹkan bí 60 páswọ́ọ̀dù tí àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń lò ni ètò yìí mú lọ́wọ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó wọlé, ẹ̀rọ tí ó bá sì ti gbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá ilẹ̀kùn mìíràn. Kò sí ẹni tí ó ní láti jókòó tì í. Tọ̀sán-tòru ni ó ń ṣiṣẹ́, títí ẹ̀rọ tí ó kó lẹ́rú fi ju 200,000 lọ.

Kámẹ́rà tí a kó lẹ́rú kì í dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Olówó rẹ̀ ń rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ó ti máa ń rí i tẹ́lẹ̀. Bóyá íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀, kò sì ní fura. Ẹlòmíràn ni ìyà ń jẹ. Ẹ fi ojú inú wo ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tí gbogbo ará ìlú ya bò ní ìṣẹ́jú kan náà, tí olúkúlùkù ń béèrè lẹ́tà tí kò sí. Ẹni tí ó ní lẹ́tà tòótọ́ láti gbà kò ní ráyè dé ìdí káńtà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì pa.

Ní ìgbà ìkórè ọdún náà, Jha tú àṣírí ètò náà síta fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ọ̀daràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, wọ́n dí ọ̀nà ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa júwe ibi tí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wà. Fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àìmọye ènìyàn kò lè dé ọ̀dọ̀ Twitter àti Netflix, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe àwọn wọ̀nyí rárá.

Kò pẹ́ tí ó fi dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Làìbéríà ti bẹ Daniel Kaye, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wẹ̀ láti ba iṣẹ́ Lonestar, abánidíje wọn, jẹ́. Owó oṣù ni wọ́n sì ń san fún un. Ní oṣù kọkànlá 2016, ọkùnrin yìí fi Mirai tirẹ̀ kọlu Lonestar tó bẹ́ẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú ní Làìbéríà. Kámẹ́rà aṣọ́lé wà lára àwọn ẹ̀rọ tí ó lò. Ẹni tí ó ń wá ọ̀nà láti bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Monrovia kò lè mọ̀ pé kámẹ́rà ẹni tí òun kò rí rí ni ó dínà mọ́ òun. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán Kaye lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 32 ní oṣù kìíní ọdún 2019. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ ní ọdún 2017, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n ran àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ó pẹ́ kí òfin tó jí. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Britain tó fi òfin dè é pé kí a má ṣe ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo wọn. Ó sì tọ́ kí ẹrù náà wà lórí ẹni tí ó ṣe ọjà, nítorí kò sí bí ẹni tí ó kàn ra kámẹ́rà yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì kò kan ẹ̀rọ tí a ti rà tipẹ́, kò sì dé ọjà tòkunbọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ díẹ̀ kù fún onílé. Inú ìrántí ẹ̀rọ nìkan ni Mirai ń gbé. Bí a bá pa iná ẹ̀rọ náà, Mirai kú. Ṣùgbọ́n bí páswọ́ọ̀dù àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò tún padà wọlé. Kí a kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a pa á, kí a tún un tàn, kí a yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà sí èyí tí ó gùn tí ó sì ṣòro láti mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó dá a padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí ilé iṣẹ́ lẹ páswọ́ọ̀dù mọ́ nínú débi pé kò ṣeé yí padà. Irú èyí kò ní oògùn. Kí a má ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.