Ohun Tí Mọ́ltimítà Kò Lè Sọ Fún Ẹ Nípa Sípíkà Aago Iná

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ sọ lónìí, iná tó ń jóni àti iná NEPA pa pọ̀, torí orúkọ kan náà ṣáà ni àwa Yorùbá ń pe méjèèjì.

Nínú àwọn ilé àwòṣífìlà, aago ìkìlọ̀ iná kì í kàn pariwo mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀: ẹ gba àtẹ̀gùn, ẹ má wọ lift. Sípíkà ló ń sọ ọ́, wáyà kan sì lè so ogún sípíkà mọ́ amplifier kan. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ bóyá amplifier náà lè gbé wọn.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná á yọ mọ́ltimítà, wọ́n á gbé e sí ohm, wọ́n á fi kan wáyà. Nọ́ńbà á jáde, àmọ́ kì í ṣe ti sípíkà. Iná bíi ti bátìrì, tó ń lọ sí ọ̀nà kan, ni mítà yẹn ń rán. Ohùn ní tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Capacitor sì sábà máa ń wà nínú sípíkà aago iná tó ń dí iná bátìrì lọ́nà, kí pánẹ́ẹ̀lì lè máa ṣọ́ bóyá wáyà ti já. Resistor kékeré tí wọ́n fi parí wáyà nìkan ni mítà rí. Ì báà jẹ́ ogún sípíkà ló wà níbẹ̀ tàbí méjì, bí wáyà kò bá ṣáà ti já, nọ́ńbà kan náà ni.

Mítà impedance ló lè ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára amplifier. Mítà náà á rán iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní 1 kHz. Bó bá jẹ́ ìlà 100 V, ẹ fi ohm tó bá sọ pín 10,000: wáàtì tí sípíkà ń fà nìyẹn. Ìlà 70 V tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà ńkọ́? 5,000 ni kí ẹ pín.

Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ogún sípíkà ló wà lórí ìlà 100 V, 2 W ni ìwé sọ pé wọ́n yan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 40 W nìyẹn, ó yẹ kí mítà sọ 250 ohm. 167 ló sọ! 60 W ni wọ́n ń fà, 50 W sì ni agbára amplifier. Bí iná bá ṣẹ́ lóru tí amplifier náà bá pa ara rẹ̀ nítorí ẹrù, gbogbo àjà yẹn ló máa dákẹ́, àlejò á sì wà lójú oorun.

A ṣí síìlì. Ẹnìkan ti yí tap sípíkà mẹ́wàá sí 4 W. Mi ò bú u, torí ó jọ pé ó fẹ́ kí ohùn ròkè ni. A dá wọn padà sí 2 W, mítà padà sí 250.

A wá tan ìkéde, mo ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́tí. Yàrá mẹ́ta ní ìparí kọ́rídọ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n nílò sípíkà tiwọn, pẹ̀lú amplifier tó ju 50 W lọ. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní òun ṣì ń rò ó.