Bí Báńkì Bá Wó Lọ́la Ńkọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa, Ọ̀tà)

Akápò ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìṣirò owó tán, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bèèrè pé: bí báńkì yẹn bá wó lọ́la ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, owó búlọ́ọ̀kù ni mò ń kó jọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26. Tèmi wà níbẹ̀. NDIC san 50,000 náírà fún mi, ibi tí òfin ìgbà náà mọ nìyẹn. Ìyókù bá báńkì lọ.

Kí ló fà á? Ṣáájú, ìjọba àpapọ̀ ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú àwọn báńkì ńlá, CBN ló sì ń pàṣẹ iye èlé àti iye tí wọ́n máa yá àgbẹ̀. Lẹ́yìn SAP ọdún 1986, wọ́n ṣílẹ̀kùn, báńkì wá ń hù bí olú. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà Soviet, ìjọba ló ni àwọn báńkì. Ní 1992 tí wọ́n tú iye owó ọjà sílẹ̀, ọ̀wọ́n gógó sọ owó tí àwọn arúgbó kó sí Sberbank di yẹpẹrẹ. Ìjọba ì báà pàṣẹ, ọjà ì báà pàṣẹ, mẹ̀kúnnù tí kò bèèrè ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ ni. Ní oṣù Kẹfà 2024, CBN gbàṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Lọ́dún yẹn kan náà, NDIC sọ ohun tó ń dúró fún di 5,000,000 náírà fún oníbàárà kan nínú báńkì ńlá kan, 2,000,000 nínú microfinance. Bó ti wù ká pọ̀ tó, oníbàárà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa. Owó àjọ àti ti alájẹṣẹ́kù kò sì sí lábẹ́ ẹ̀ rárá. Mi ò ní kẹ́ ẹ má dá àjọ o. Àjọ ló kọ́lé ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé: ká pín owó ẹgbẹ́ sí báńkì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, ká sì máa gbé ìṣirò ẹ̀ sórí WhatsApp lóṣooṣù.

Wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà mí. Òótọ́ ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jẹ́ ká dìbò sí i ká tó túká.